Òjò Tó Rin Ìrìn Ọdún Méjìléláàádọ́ta

Oyèníran lá àlá kan ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Ọ̀sán gangan ni mo wí. Ẹ má dá a lẹ́bi, oòrùn inú oṣù Èrèlé kì í ṣe oòrùn tí èèyàn ń dúró wò, abẹ́ igi kajú ló sì sùn sí, nílẹ̀ẹ́lẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tòmátì rẹ̀. Bó ṣe rò ó fún wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo ṣe ń rò ó fún yín. Ibi tó bá ti dà bí irọ́, ẹ bi í nígbà tẹ́ ẹ bá rí i. Òun ló sùn, èmi kọ́.

Kí n tó wọ inú àlá náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé lọ́kàn sùn. Àwa mọ́kànlá là ń dá oko ẹ̀ẹ̀rùn ní Aláparun. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, tí odò kékeré tó wà nísàlẹ̀ ti di yanrìn, omi kànga la fi ń gbin ata, tòmátì àti ẹ̀fọ́. Olúkúlùkù ló ní kànga tiẹ̀ nínú oko tiẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún kan wà, láyé àwọn bàbá wa, tí ẹnì kan dá gbẹ́ tiẹ̀ jìn ju ti gbogbo èèyàn lọ, kànga mẹ́fà sì gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn àgbà ò bá a jà. Okùn kan ni wọ́n mú, wọ́n ta kókó sí i, wọ́n ní ibi tí kókó yìí bá mọ ni kànga gbogbo wa yóò mọ. Bí omi bá tún sá sísàlẹ̀, a ó jọ sún kókó náà ni, a ó sì gbẹ́ kànga ara wa ní àáró, lónìí tèmi, lọ́la tìrẹ. Okùn náà ṣì wà títí dòní. Ọwọ́ Oyèníran ló wà, nítorí a mọ̀ ọ́n sí ẹni tí kì í parọ́.

Lọ́dún yìí, omi sá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Tòmátì Oyèníran ku ọjọ́ mẹ́wàá kó pọ́n, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ kànga rẹ̀ sì ti ń hàn síta. Lọ́dún tó kọjá, ojú rẹ̀ ni tòmátì ṣe gbẹ tán lórí ebè. Bí ti ọdún yìí bá tún kú, ó ti sọ fún Foyèkẹ́ ìyàwó rẹ̀ pé òun á pa oko tì, òun á wọ ìlú lọ ru búlọ́ọ̀kù bíi ti àbúrò òun, ẹni tó lọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn tí a ò tíì fojú kàn án láti ìgbà náà. Ẹ̀rù ń ba ọkùnrin náà gan-an. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ náà, kò ké sí ẹnikẹ́ni nínú wa, ó tú kókó okùn, ó sún un sísàlẹ̀ ní ìdúró èèyàn kan gbọọrọ, ó sì tún un ta. Ó wá ránṣẹ́ sí Sùbérù agbẹ́kànga pé tó bá kírun Jímọ̀ tán kó máa bọ̀, kó wá gbẹ́ kànga òun dé ibi kókó. Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè, okùn ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó jókòó dè é lábẹ́ kajú, ni oorun bá gbé e lọ.

Korobá tó fi ń fami ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Oyèníran, bọ́ sínú mi. Wọ́n ń pè ọ́ nísàlẹ̀."

Oyèníran ò bèèrè ìgbà tí korobá ti ń sọ̀rọ̀. Ohun tó bèèrè ni pé, "Ṣé inú rẹ á gbà mí?"

"Omi tó ti gba inú mi kọjá láti ọjọ́ yìí wá, ṣé o tóbi tó o ni?"

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu, ó sì ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Inú korobá gbà á, àyè tilẹ̀ ṣẹ́ kù níbi tó gbé fìlà rẹ̀ sí. Korobá sọ̀ kalẹ̀ láìsí ẹni tó di okùn rẹ̀ mú. Wọ́n kọjá ìsàlẹ̀ kànga, wọ́n kọjá amọ̀ pupa, wọ́n kọjá òkúta wẹ́wẹ́, wọ́n bá àpáta kan pàdé. Korobá fi ìdí kan án lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ta nìyẹn?" ni àpáta bèèrè.

"Àgbẹ̀ ni."

"Àgbẹ̀ òjò ni tàbí àgbẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn?"

"Ẹ̀ẹ̀rùn ni."

"Ẹ̀yin náà lẹ máa ń rántí wa," ni àpáta wí, ó sì sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń fàyè sílẹ̀ fún àlejò lórí bẹ́ńṣì.

Omi ló wà lábẹ́ ibẹ̀. Oyèníran ní òun ti rí Odò Ògùn nígbà tó kún dé ẹnu, ṣùgbọ́n òun ò rí omi tó pọ̀ tó sì dákẹ́ tó báyẹn rí. Ó tẹ́ lọ láti abẹ́ oko tiẹ̀ dé abẹ́ oko Ìyá Mulikátù, opó tó ń gbin ata, tí ààlà òun àti rẹ̀ kò ju poro kan lọ. Ó kọjá abẹ́ oko tèmi náà, ó kọjá gbogbo Aláparun, ó ń lọ. Oyèníran wá ògiri tó pín in títí, kò rí ọ̀kan. Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀, ó ti rò pé ńṣe ni omi tòun wà nínú ìkòkò tòun, tí ti Ìyá Mulikátù wà nínú ìkòkò tiẹ̀. Ẹ má fi rẹ́rìn-ín, gbogbo wa la rò bẹ́ẹ̀.

Ó gbójú sókè, ó sì rí abẹ́ oko wa. Gbòǹgbò tòmátì rẹ̀ rọ̀ dirodiro bí irùngbọ̀n àgbàlagbà, gbòǹgbò ata Ìyá Mulikátù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kànga mọ́kọ̀ọ̀kànlá wà láàárín wọn bí ihò ara àjà.

"Bàbá," ni tòmátì kan wí, "ẹ bá wa sún omi yẹn sókè díẹ̀."

"Mo ti gbọ́," ni Oyèníran dáhùn. "Nǹkan tí mo bá wá náà nìyẹn."

Ọ́fíìsì kan léfòó sórí omi náà. Ó ní páànù lórí, ó ní fèrèsé méjì, wọ́n sì kọ ọ́ sára ògiri rẹ̀ pé: ILÉ IṢẸ́ OMI ABẸ́LẸ̀, Ẹ̀KA ALÁPARUN. Wọ́n tún kọ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé: Ẹ MÁ TUTỌ́ SÍHÌN-ÍN. Oyèníran fi ẹsẹ̀ rìn lórí omi lọ síbẹ̀. Ó ní omi náà le dáadáa, pé kò yàtọ̀ sí ilẹ̀ yàrá òun.

Akọ̀wé kan jókòó sínú ibẹ̀, ó lo awò ojú tí kò ní díńgí. Bó bá kọ ojú ìwé kan tán, á ya á, á jẹ ẹ́, á tún mú òmíràn.

"Òjò ọdún wo lẹ fẹ́ fà?" ló bi Oyèníran.

"Òjò kẹ̀? Omi ni mo bá wá, ọ̀gá."

"Ibo lẹ rò pé omi ti ń wá?" Akọ̀wé fi ẹnu júwe ẹ̀yìn, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ò dilẹ̀.

Àwọn òjò ló tò sórí bẹ́ńṣì níbẹ̀ bí aláìsàn tó ń dúró de dókítà. Òjò tọdún tó kọjá kò sí láàárín wọn. Wọ́n ní ó ṣì wà lókè, inú amọ̀ ni, ó ń bọ̀. Òjò ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ránṣẹ́ pé òun ti dé ìdí òkúta wẹ́wẹ́, kí wọ́n bá òun fi àyè sílẹ̀. Ní ìkángun bẹ́ńṣì ni arúgbó obìnrin kan jókòó sí, ó gbé ìkòkò kékeré lé itan, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú. Oyèníran dọ̀bálẹ̀ fún un.

"Ẹ kú ìjókòó, ìyá. Ìgbà wo lẹ dé?"

"Àárọ̀ yìí ni. Ọjọ́ tí wọ́n bí ọ ni mo rọ̀. Mo rọ̀ sórí ilé yín, mo ṣàn lọ sẹ́yìnkùlé, mo wọlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó di ọdún méjìléláàádọ́ta."

"Ẹ kú ìrìn o."

"Hẹn. Ó rẹ̀ mí, ọmọ mi. Ààrin yanrìn há, ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń kọjá. Ibi tí àpáta bá dínà, a ó wá ibi tó sán, a ó tò dè é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè ń pariwo pé òjò ti lọ, òjò ti lọ. Ibo ni òjò ń lọ? Ọ̀dọ̀ yín náà ni à ń bọ̀, ìsàlẹ̀ la gbà."

Oyèníran fẹ́ bá a wá omi gbígbóná tí yóò fi jó ẹsẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá àgbà wọlé. Agbádá funfun ló wọ̀. Gbogbo òjò dìde fún un.

"Ta ló fẹ́ gbẹ́ kànga jìn sí i?"

"Èmi ni, ọ̀gá."

"Kò sí wàhálà. Omi pọ̀ nílẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé ipò yìí, kò tíì tán mọ́ mi lójú rí, àti pé..."

Ibi tó bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tó fi di òbúkọ. Kò sí ariwo, kò sí èéfín. Oyèníran ní òun kàn rí i pé ìwo ti wà lórí rẹ̀ ni, agbádá sì ti gùn jù ú. Akọ̀wé ò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ọ̀gá máa ń rí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀sán," ló wí.

"Ooru yìí náà kúkú pọ̀," ni Oyèníran fèsì.

Òbúkọ ti pátákò bọ tàdáwà, ó fi lu ìwé. "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀," ló wí.

"Ọ̀gá ti fọwọ́ sí i," ni akọ̀wé túmọ̀ rẹ̀. "Ó ku kẹ́ ẹ fi okùn hàn wá."

Oyèníran fọwọ́ kan ìbàdí, ó bá okùn wa níbẹ̀, ó sì gbé e sórí tábìlì nítorí kò mọ ohun mìíràn tí yóò ṣe. Kókó okùn wúkọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ o," ni kókó wí, "ibi tí mo máa ń wà kọ́ nìyí."

"Okùn ló nà," ni Oyèníran yára wí. "Oòrùn ló mú un nà."

"Èmi?" ni okùn pariwo. "Pẹ̀lú ọjọ́ orí mi yìí, èmi ni n ó máa nà? Láti ayé bàbá rẹ ni mo ti wà, mi ò gùn sí i, mi ò kúrú. Òun ló tú kókó mi láàárọ̀ yìí. Ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, bí ẹni tó fẹ́ jí adìyẹ."

"Èmi ò sí níbẹ̀ o," ni adìyẹ kan wí lábẹ́ tábìlì.

Arúgbó òjò tẹjú mọ́ Oyèníran. "Ṣé òótọ́ ni?"

Oyèníran ní irọ́ ti wà lẹ́nu òun, òun sì ti fẹ́ pa á. Ṣùgbọ́n ẹni tó rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí èèyàn, irọ́ wo lèèyàn fẹ́ pa fún un?

"Òótọ́ ni, ìyá. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ló kù kí tòmátì mi pọ́n. Bó bá kú lọ́dún yìí, mi ò lóko mọ́ nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ọ̀rọ̀ rẹ yé mi," ni arúgbó wí. "Òǹtẹ̀ sì ti bà á. Fà á, ká jọ wò ó."

Òbúkọ fi ẹnu na ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ kan sí i, irú èyí tí àwọn ọmọdé fi ń fa omi mu. Oyèníran ti orí ọ̀pá náà kan bọ omi, ó fi ẹnu fa èkejì. Omi tutù, ó dùn, ó sì ń lọ tààrà sídìí tòmátì rẹ̀. Ó gbọ́ tí wọ́n ń pariwo ayọ̀ lókè, "Ó ti dé! Ó ti dé!" Ó tún fà á. Nígbà tí akọ̀wé rí i pé ẹnì kan ti ń mu, òun náà di ewúrẹ́, ó bọ́ awò ojú rẹ̀ lélẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ omi. Àwọn ewúrẹ́ mìíràn jáde láti yàrá kejì, wọ́n so káàdì òṣìṣẹ́ mọ́rùn, gbogbo wọn ń lá omi. Ọ́fíìsì ń bá omi lọ sílẹ̀, Oyèníran náà ń bá a lọ, ó ń fà á.

Ibẹ̀ ni korobá Ìyá Mulikátù ti yọ láti inú ihò òkè. Oyèníran dá a mọ̀, korobá dúdú tí wọ́n fi rọ́bà pupa lẹ̀ nídìí. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, okùn rẹ̀ tán, kò sì kan omi.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá," ni korobá wí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ṣé omi ò sí nítòsí yín?"

Omi kún ẹnu Oyèníran, kò lè dáhùn.

"Kò burú. N ó padà wá."

Ó gòkè lófìfo. Nígbà tó padà dé, wọ́n ti so gèlè mọ́ okùn rẹ̀ kó lè gùn sí i. Kò kan omi. Ó tún gòkè. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ti so ọ̀já mọ́ gèlè, Oyèníran sì mọ ọ̀já náà dáadáa, torí òun ni ìyá náà fi pọn Mulikátù lọ́dún tí ọkọ rẹ̀ kú. Kò kan omi síbẹ̀. "Ẹ má bínú, mò ń yọ yín lẹ́nu," ni korobá wí.

Inú Oyèníran bàjẹ́. Ó yọ ọ̀pá ìbẹ́pẹ kúrò lẹ́nu. Àṣé tòmátì tiẹ̀ gan-an ti dákẹ́ ariwo ayọ̀ láti ìgbà kan. Omi ti jìnnà sí wọn ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

"Bàbá," ni ọ̀kan nínú wọn wí, "ṣé ẹ ó tún gbẹ́ ẹ lọ́la ni?"

Arúgbó òjò dìde lórí bẹ́ńṣì. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́, òun nìkan ló kù. "Ọdún méjìléláàádọ́ta," ló wí, kò tilẹ̀ bínú. "Ìmu kan. Gbé mi, ọmọ mi. Gbé mi sínú korobá obìnrin yẹn."

Oyèníran gbé e, kò wúwo ju igbá omi kan lọ. Ó na ọwọ́ sókè, ó fi ìka ẹsẹ̀ dúró, ó ku díẹ̀ kó tó o. Ọ́fíìsì fì sọ́tùn-ún, àwọn ewúrẹ́ gun orí tábìlì, wọ́n ń ké pé kí ẹnikẹ́ni má mikàn. Oyèníran tún nà sí i. Nǹkan tútù kan bà á lẹ́sẹ̀. Ó lajú.

Omi ló wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ lóòótọ́. Ó ń ṣàn bọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ láti inú poro tòmátì, ó ti rin ín dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó gbórí sókè, ó rí Ìyá Mulikátù tó bẹ̀rẹ̀ láàárín ebè, tó ń da omi sídìí tòmátì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń fún ọmọ lóògùn mu. Kò wé nǹkan kan sórí. Gèlè rẹ̀ ló so mọ́ okùn korobá.

"Ìyá, kí lẹ ń ṣe?"

"O ti jí? Mo ń kọjá lọ ni, mo rí i tí tòmátì rẹ sorí kọ́, ìwọ náà sùn bí ẹni tí wọ́n lù. Mo ní kí n wọ́n díẹ̀ sí i kí oòrùn tó pa á."

"Omi kànga yín? Èyí tí okùn yín ò tó mọ́?"

"Okùn ò tó, mo fi gèlè kún un. Ata lè dúró di ọ̀la. Tòmátì ò mọ sùúrù."

"Ṣùgbọ́n omi tiyín ni, ìyá."

"Ṣé omi pé méjì ni?" Ó bọ́ sídìí ebè tó kàn.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Oyèníran wo ilẹ̀ tútù tí òun tẹ̀, ó sì mọ ẹni tó da omi sí i. Ojú tì í dé egungun. Sùbérù ti dé etí oko lákòókò náà, ó gbé ọkọ́ àti ṣọ́bìrì kọ́ èjìká.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ojú oòrùn o! Ibo ni ká gbẹ́ ẹ dé?"

"Jókòó sábẹ́ kajú ná," ni Oyèníran dá a lóhùn. "Ó dìgbà tí àwọn olóko tó kù bá dé."

Ó dìde, ó wọ inú poro lọ bá ìyá àgbà náà, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Ìyá, mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín. Mo tú kókó okùn láàárọ̀ yìí. Mo sún un sísàlẹ̀."

"Mo rí ọ," ni Ìyá Mulikátù wí. "Ojú ọ̀nà ni mo wà."

"Ẹ rí mi? Ẹ rí mi, ẹ sì tún ń bomi rin tòmátì mi?"

"Tòmátì kọ́ ló tú u," ló wí, ó sì na korobá sí i kó lọ fa òmíràn wá.